Òwú Dúdú Lẹ́nu Òdòdó Elégédé

Òórùn ewé elégédé tí ìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ̀ sí lórí ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Tí ẹ bá fara kan ewé yẹn láàárọ̀, ó máa ń yún ni lẹ́sẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ aṣọ títí ẹ ó fi dé ilé ìwé. Láàárọ̀ Sátidé kan, èmi àti Màmá mi wà lẹ́yìn ilé wa ní Jakande Estate, Ìlàsàn, àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá yẹtí tó jábọ́. Màmá di òdòdó akọ mú lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ti já gbogbo ewé yẹ́lò ara rẹ̀ dànù, ó wá ku igi kékeré kan láàárín tí àtíkè yẹ́lò bò. Ó tú òwú tó wà lẹ́nu òdòdó abo, ó fi àtíkè yẹn pa á nínú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì tún so ẹnu rẹ̀ padà. "Rọra mí," ló wí fún mi. Mo di imú mi mú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo sì gbà tọkàntọkàn pé tí mo bá mí púpọ̀, elégédé ò ní so.

Kí ló ń lé wa tó báyìí nítorí elégédé? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìyá tó bí Màmá mi, Ìyá Àgbà, ń gbé ní Eleko, ilé rẹ̀ ò jìnnà sétí òkun. Ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀, nínú yanrìn níbẹ̀, ló ń gbin irú elégédé kan sí tí n ò rí níbòmíì títí dòní. Kò tóbi, kò ju orí ọmọ ìkókó lọ. Èèpo rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ pọ́n bí epo. Tí wọ́n bá sè é, kì í ṣomi bí tọjà. Ẹ ó fi ẹja yíyan jẹ ẹ́, ẹ ò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè yín. Nígbà tí Ìyá Àgbà kú, àwọn àǹtí mi pín aṣọ, wọ́n pín ìlẹ̀kẹ̀. Agolo mílíìkì tí kóró elégédé wà nínú rẹ̀ ni Màmá mi gbé wálé, àwọn àǹtí mi sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Lọ́dún àkọ́kọ́, a gbin díẹ̀ nínú kóró náà, ó so, a jẹ ẹ́, inú wa dùn. Màmá tọ́jú kóró inú àwọn tá a jẹ, ó gbìn wọ́n lọ́dún kejì. Yéè! Nǹkan gbọọrọ kan ló so, funfun báláú, omi lásán nínú ìkòkò. Màmá tọ́ ọ wò, ó gbé ṣíbí kalẹ̀. "Tìyá mi kọ́ nìyí," ló wí, ló bá bú sẹ́kún.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀, tó kàwé nípa ọ̀gbìn, ló là á yé e. Bàbá kan lódì kejì gọ́tà wa náà gbin elégédé, irú èyí tí wọ́n ń torí ewé gbìn, oyin sì ń ti orí ti bàbá náà bọ́ sórí tiwa. Èso tá a jẹ lọ́dún àkọ́kọ́ dára, àmọ́ kóró inú rẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ ti bàbá yẹn. Tí Màmá bá fẹ́ tìyá rẹ̀ gan-an, àfi kó so òdòdó lẹ́nu kó tó là, kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àtíkè akọ fún abo, kó sì tún so ó padà kí oyin má bàa yọjú. Ló bá gbin gbogbo kóró Ìyá Àgbà tó ṣẹ́ kù sínú agolo. Ọ̀pọ̀ ti jẹrà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló hù. Tí ìyẹn bá lọ láìso, elégédé Ìyá Àgbà parí láyé nìyẹn.

Bá a ṣe ń ṣe é rèé. Nírọ̀lẹ́, Màmá á wá òdòdó tí ẹnu rẹ̀ ti ń pọ́n díẹ̀, èyí tó máa là lọ́la. Abo ò ṣòroó mọ̀, elégédé kékeré kan ti wà nídìí rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ti akọ, ọ̀pá gbọọrọ lásán ni. Á fi òwú so ẹnu méjèèjì. Níbo ni òwú ti wá? Orí mi ni o! Màmá mi kì í da nǹkan nù. Òwú dúdú tó fi kó irun mi, tó bá tú u lópin ọ̀sẹ̀, kò ní jù ú nù. Á ká a mọ́ ìka, á fi sápò. Òun ló fi ń so òdòdó. Bàbá mi á jókòó sójú fèrèsé, á máa fi wá ṣẹ̀fẹ̀: "Alárinà, ṣé ìyàwó ti gbà?" Màmá á ní, "Ẹ dákẹ́ jàre, oyin lè gbọ́."

Mo gbé ìmọ̀ yìí dé ilé ìwé. Àǹtí tó ń kọ́ wa béèrè ohun tó ń mú kí òdòdó di èso, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ lọ sókè. Mo ní, "Wọ́n á so wọ́n lẹ́nu, mà, kí àlejò má bàa wọlé, Màmá mi á wá bá wọn ṣe é láàárọ̀." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí ní kí n jókòó, kí n má sọ irú ẹ̀ mọ́. Mo jókòó, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé mi ò gba ìbéèrè náà.

Màmá Tòbi ló ń gbé lókè wa gan-an. Aránṣọ ni, èèyàn dáadáa sì ni. Tí ara yín ò bá yá, òun ló máa kọ́kọ́ gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. Àmọ́ bí àdúrà ṣe ń bẹ lẹ́nu ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìfura ń bẹ níkùn ẹ̀. Lọ́dún yẹn, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ rárá nítorí Àǹtí Bọ́lá, àkọ́bí rẹ̀. Ẹbí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ ti sún ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ síwájú, wọ́n tún sún un. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá yọjú láti fàráńdà nírọ̀lẹ́, kó rí Màmá mi nísàlẹ̀ tó ń fi òwú dúdú so òdòdó lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, kémi náà dúró tì í, kí n di imú mú! Ẹ̀yin náà, ẹ fọkàn rò ó wò.

Nǹkan ò sì rọgbọ fún elégédé ọ̀hún. Èyí tí mo torí ẹ̀ di imú mú yẹn pọ́n láìtíì tóbi, ó sì jábọ́. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ewé ìsàlẹ̀ ti ń gbẹ. Nígbà tó fi máa di Sátidé tó tẹ̀ lé e, òdòdó abo méjì péré ló kù: ọ̀kan tó máa là láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tá a ti so lẹ́nu, àti kékeré kan ní ṣóńṣó orí tó máa là lọ́jọ́ kejì.

A ò tíì dé ẹ̀yìn ilé tá a ti ń gbóhùn. Màmá Tòbi ló dúró láàárín elégédé wa, àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ kan, òróró àdúrà lọ́wọ́ kejì. Ó ti gé gbogbo òwú. Òdòdó ti là gbayawu, oyin ti wà nínú abo, ó ń yí kiri bí ẹni tó sanwó ilé.

Màmá mi kígbe, "Yéè! Màmá Tòbi, kí lẹ ṣe yìí?"

"Kí lèmi ṣe? Kí lèmi fi ṣe yín, Ìyá Dúpẹ́? Kí lọmọ mi fi ṣe yín, tẹ́ ẹ fi ń so ó mọ́lẹ̀?" Ó gbé òwú kan sókè káwọn tó ti yọrí lójú fèrèsé lè rí i. "Irun èèyàn rèé lára ẹ̀! Irun ta ni?"

Mo fọwọ́ kan orí mi. "Irun mi ni, mà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lókè. Màmá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sétí gọ́tà, ó ń wo oyin yẹn. Nígbà tó yá, ó dìde, ó wọlé, mo sì gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ilé ìdáná. Bàbá mi dé fìlà, ó lóun ń lọ bá alága búlọ́ọ̀kù, obìnrin yẹn ò lè mú un jẹ. Ká sòótọ́, mo fẹ́ kí ìjà ṣẹlẹ̀. Inú ń bí mi burúkú.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, Màmá bọ́jú, ó wé gèlè bí ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí Bàbá mi jọ̀ọ́ jókòó. Ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè, mo tẹ̀ lé e, ó kan ilẹ̀kùn Màmá Tòbi. Nígbà tíyẹn ṣílẹ̀kùn, tó sì káwọ́ mọ́yà, Màmá mi kúnlẹ̀. Màmá mi tí kò kéré sí i rárá!

"Màmá Tòbi, elégédé ìyá mi ni. Wọ́n ti kú, òun ni gbogbo ohun tí mo rí mú níbẹ̀. Òdòdó kan ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín so ó, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Màmá Tòbi ní, "Ṣé ẹ ò ní dárúkọ ọmọ mi sí i?"

Ohùn Àǹtí Bọ́lá ló dáhùn láti inú yàrá: "Mọ́mì, ẹ lọ so ó, ẹ jọ̀ọ́. Ọkùnrin yẹn ni ò tíì múra, kì í ṣe elégédé!"

Ló bá sọ̀ kalẹ̀. Òwú funfun ìránṣọ tiẹ̀ ló mú wá, kò jẹ́ fọwọ́ kan tiwa. Ó gbàdúrà sí òwú, ó gbàdúrà sí òdòdó, Màmá mi sì ń ṣe àmín kíkankíkan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ló fi àtíkè akọ pa abo nínú. Ọwọ́ aránṣọ, kò gbọ̀n rárá. Elégédé yẹn gbà, ó wú, ó dúdú, ó gbó. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sún mọ́ ọn, Màmá Tòbi á ti pariwo láti òkè, "Ta nìyẹn? Elégédé mi!" Elégédé ẹ̀! Nígbà tá a gé e, Màmá mi bu ìdajì kóró rẹ̀ fún un. Èyí tá a gbìn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, inú rẹ̀ pọ́n bí epo. Màmá jẹ ẹ́ tán, ó pa ojú dé, ó ní, "Ìyá mi." Ọkùnrin Àǹtí Bọ́lá ò wá mọ́, ẹlòmíì tó dáa jù ú lọ ló wá fẹ́ ẹ.

Èmi náà ti dàgbà báyìí. Ẹsítéètì onígéètì kan ní Ajah ni mò ń gbé, ọ́fíìsì mi wà ní Igbó Ẹfọ̀n, mo sì ń gbin elégédé Ìyá Àgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì. Lóṣù tó kọjá, ẹni tó ń bá ilé kejì roko gé okùn elégédé mi tó gba orí fẹ́ǹsì kọjá sọ́dọ̀ wọn, tòun ti òdòdó tí mo ti so lẹ́nu. Mo gba orí fóònù lọ, mo kọ̀wé sórí gúrúùpù ẹsítéètì, òyìnbó ńlá ńlá. Wọ́n fún mi lésì, èmi náà fèsì, látìgbà náà tá a bá pàdé ní géètì, oníkálukú á yí gíláàsì mọ́tò sókè.

Màmá wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ka gbogbo ohun tí mo kọ fún un létí. Mo rò pé á yìn mí. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán.

"O gbìyànjú," ló wí. "Kí lorúkọ ìyá ilé yẹn?"

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, mo mọ orúkọ gbogbo ará búlọ́ọ̀kù wa, títí dórí ọmọ ọwọ́. Ọdún kẹfà mi rèé nínú ilé yìí. N ò mọ orúkọ ìyá ilé kejì.