Màrìwò tí Mo Já

Òórùn òkú ẹran àti ìgbẹ́ igún ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni nínú igbó ọba kékeré tó wà lẹ́yìn Òkè-Ìlewò nígbà yẹn. Ẹlòmíràn á di imú. Èmi, inú mi á dùn. Tíṣà ni mí, gbogbo Sátidé ni mo sì ń lọ ka igún níbẹ̀. Ìtẹ́ mẹ́ta péré ló kù fún wọn, orí igi àràbà kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, ọmọ sì wà nínú méjì. Bí igi yẹn bá lọ, igún lọ nìyẹn.

Bàbá tó ń ṣọ́ igbó náà ti so màrìwò, ọ̀mùnú ọ̀pẹ, yí ìdí àràbà ká. Èmi ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí ìwé ń gùn, mo ní ìbọ̀rìṣà ni. Mo já a dànù, mo kan pátákó mọ́ igi pé ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má gé e. Èdè òyìnbó ni mo tiẹ̀ fi kọ ọ́. Háà, mo gọ̀!

“Tíṣà,” Bàbá ní, “ẹni tó gbé àáké dání kì í dúró kàwé o.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá.” Mo tún rẹ́rìn-ín.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń bọ̀ lọ́nà lọ́sàn-án, mo gbọ́ ariwo ẹ̀rọ agégi. Mo sáré débẹ̀. Bàbá dì mọ́ ìdí igi, ó ń bú àwọn agégi mẹ́ta tìran-tìran. Wọ́n fà á, wọ́n gbá a lẹ́nu, kò tú ọwọ́. Ni ọ̀kan bá yọ àdá sí ọwọ́ náà. Ìka méjì já bọ́ sórí gbòǹgbò, ẹ̀jẹ̀ ta dé ara pátákó mi. Mo gbá ẹni náà mú lọ́rùn, ó gbé mi ṣánlẹ̀. Àwọn méjì tó kù gé igi náà tán. Àràbà wó, ilẹ̀ mì tìtì. Ọmọ igún kan já lu àpáta, ó kú. Èkejì ṣì ń mí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pa.

Ọlọ́pàá mú wọn. Ní àgọ́, ẹni tó yọ àdá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. “A ti wá tẹ́lẹ̀,” ó ní. “A bá màrìwò níbẹ̀, a padà. Nígbà tí a ò rí i mọ́, a ní wọ́n ti yọ̀ǹda rẹ̀ ni.”

Ọlọ́pàá bi Bàbá ẹni tó tú màrìwò.

“Afẹ́fẹ́ ni,” ó dáhùn. Kò wojú mi.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, igún kan padà wá, ó ń kó igi jọ sórí ìrókò. Ìka Bàbá kò lè ta kókó mọ́, èmi ni mo so màrìwò mọ́ ìrókò náà. Ó dúró tì mí, ó ní, “Fà á le.” Mo fà á, mo ń sunkún.

Wọ́n sọ agégi yẹn sẹ́wọ̀n, ọ̀rẹ́ mi. Èmi ńkọ́? Ọjọ́ tí mo já màrìwò ni mo ti gé ìka Bàbá.