Sólà Tí Bàbá Eléèéfín Fi Sábẹ́ Ibòji

Ọjọ́ tí Bàbá Eléèéfín paná nígbà tí àríyànjiyàn ń lọ lọ́wọ́, aráàdúgbò ò tíì gbàgbé ẹ̀ títí dòní. Jẹnẹrétọ̀ ni bàbá náà ń tún ṣe kó tó papòdà. Ó gbà pé kò sí orin tó dùn tó ariwo ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ti di ẹni tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ nínú ilé.

Lọ́jọ́ náà, àwọn ọ̀dọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò fẹ́ jiyàn bóyá kí ìjọba fòfin dín jẹnẹrétọ̀ kù, kí gbogbo ènìyàn bọ́ sórí iná sólà, nítorí ojú ọjọ́ tó ń bàjẹ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fẹ́ gbèjà sólà. Ojú máa ń ti ọmọ yìí débi pé bó bá kí ènìyàn, onítọ̀hún á ní kó tún kí òun. Ṣùgbọ́n ikọ́ tó ń gbọn bàbá àgbà láyà láràárọ̀ ń bà á lẹ́rù, ó sì fẹ́ kí bàbá gbọ́.

Kò sí iná nílé-ẹ̀kọ́. Ta ni wọ́n máa ránṣẹ́ sí? Bàbá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ tó tóbi jù wá sábẹ́ fèrèsé gbọ̀ngàn.

"Ẹ ò rí nǹkan? Àwọn tó fẹ́ bú ẹ̀rọ mi, ẹ̀rọ mi náà ni wọ́n máa fi bú u!"

Ó fa okùn, ariwo ẹ̀rọ sì bo gbogbo gbọ̀ngàn. Ọmọkùnrin tó gbèjà jẹnẹrétọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń padé bíi ti ẹja orí ilẹ̀. Ìgbà tó jókòó ni wọ́n pàtẹ́wọ́, torí ìgbà yẹn ni wọ́n mọ̀ pé ó ti parí.

Ó wá kan ọmọ-ọmọ. Bàbá na ọrùn wọ ojú fèrèsé, ó fọwọ́ sétí, kò gbọ́ nǹkan kan. Lójijì, ó pa ẹ̀rọ. Fáànù dúró, makirofóònù kú, ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ohùn kékeré kan ló kù:

"…ẹni tí mo fẹ́ràn jù ló ń fa èéfín yìí símú lójoojúmọ́. Mi ò fẹ́ kó kú."

Olùkọ́ sáré jáde. "Bàbá, ṣé epo ló tán ni?"

"Epo wà. Ẹ dákẹ́ ná. Wọ́n ń bú mi lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa."

Nígbà tí wọ́n délé, kò gbà síbẹ̀.

"Oòrùn wo? Èyí tó ń ṣíwọ́ nírọ̀lẹ́, tí kì í wá síbi iṣẹ́ bí òjò bá rọ̀? Ta ló ń gba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá àgbà, ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Bàbá wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ti tì nítorí òjò. Ó ní kí ọmọ lọ jẹun.

Kò pẹ́ tó fi lọ ra sólà, ó ní òun kàn fẹ́ mọ ọ̀tá òun ni. Ó ná an títí orí fi fọ́ ẹni tó ń tà á: "Yọ owó oòrùn kúrò níbẹ̀. Oòrùn ilé mi ló máa lò, kì í ṣe tìẹ."

Wọ́n gbé e sórí òrùlé. Iná ò tàn.

"Ṣebí mo sọ!" Bàbá ń yọ̀.

Ọmọ-ọmọ gun àkàsọ̀. Bàbá ti kan páànù lé sólà lórí, ó sì fi aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ bò ó.

"Bàbá àgbà! Ta ló ń ṣe ibòji fún sólà?"

"Ta ló ń fi ẹ̀rọ tuntun sínú oòrùn? Ṣé o fẹ́ kó bàjẹ́ ni?"

Wọ́n dúnàádúrà. Bàbá gbà kí wọ́n yọ páànù, kí wọ́n sì máa ṣí aṣọ lójúmọmọ. Ṣùgbọ́n bó bá di ìrọ̀lẹ́, dandan ni kí wọ́n bò ó, kí òtútù má baà mú un.

Láti ìgbà náà, kò tan jẹnẹrétọ̀ nínú ilé mọ́. Ikọ́ náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ tán. Nígbà tí òjò ọdún kejì ń parí lọ, bàbá sùn, kò jí mọ́.

Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń rùn fún epo. Nírọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ-ọmọ á mú un gun àkàsọ̀ lọ sókè, á fi bo sólà. Àwọn aládùúgbò á máa rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀.

"Ìwọ tó o mọ̀wé yìí! Òtútù wo ló ń mú sólà?"

Láti orí òrùlé ni ọmọ tí ẹnì kankan kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ ti máa ń dáhùn, gbogbo àdúgbò á sì gbọ́:

"Ẹ dákẹ́ ná! Bàbá àgbà ló ní kí n bò ó."