Ìdáhùn Láti Oǹdó

Ọkọ mi ló kọ́ mi ní mọ́ọ̀sì, ìró kúkurú àti gígùn tí a fi ń kọ lẹ́tà lórí rédíò. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tẹligíráàmù ló gbé rédíò tó fi ń bá ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀ sí yàrá tí a ń kó iṣu sí ní Àkúrẹ́ níbí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n etí mi mú. Kí ọdún tó yí po, mo ti ń dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ̀ bó ṣe ń dún, kúkurú, gígùn, kúkurú.

Ẹni tó bá pè wá, nọ́ńbà mẹ́ta la fi ń dá a lóhùn: bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe yéni sí, bó ṣe ń dún sókè tó, bí ohùn náà ṣe mọ́ tó. Márùn-ún, mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án ló ga jù. Àwọn onírédíò a máa fi í ta ara wọn lọ́rẹ, wọn ìbáà má gbọ́ dáadáa, bí ẹni ń yin ọbẹ̀ lójú ẹni tó sè é. Ọkọ mi kórìíra rẹ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Oǹdó, tíṣà àtijọ́ tó ń dá gbé, ti fohùn ṣọ̀kan pé òótọ́ làwọn yóò máa sọ.

Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, èmi ni mo ń pe Oǹdó ní aago méje àárọ̀. Kò sẹ́ni tó tún kù tó mọ bí ọkọ mi ṣe ń tẹ lẹ́tà, àfi baba náà.

Lọ́jọ́ kan nígbà òjò, àrá ń sán, bátìrì mi ti fẹ́ kú, ohùn mi ò lè dún sókè. Mo bi í léèrè bóyá ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́. Márùn-ún, mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án nìkan ló fi dáhùn. Mo pè é lórí fóònù, ó dún títí, kò gbé e.

Lọ́jọ́ kejì, mi ò tẹ nǹkan kan. Mo káwọ́ lé itan. Aago méje kọjá. Ó ṣe díẹ̀, Oǹdó dáhùn: márùn-ún, mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án. Ọwọ́ rẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó ń fa gígùn bíi tirẹ̀. Ta ló wá ń dá lóhùn? Mo ní àbí orí ti dàrú mọ́ baba yìí lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ tí mo dà sínú abọ́, mi ò mu ún. Mo wọ mọ́tò Oǹdó. Awakọ̀ ní, màmá, ẹ rọra o, ẹ ti fẹ́ fa ilẹ̀kùn mi yọ.

Ilẹ̀kùn baba ṣí sílẹ̀. Mo kí i, mo tún kí i kíkankíkan. Ó kọ̀yìn sí mi, ó ń nu rédíò, kò yíjú. Ìgbà tí mo fọwọ́ kàn án léjìká ló tó fò sókè. Ẹnu mi ló ń wò bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo mú bíírò, mo kọ ọ́ síwèé: “Láti ìgbà wo letí yín ò ti gbọ́ mọ́?”

“Láti Àjíǹde ló ti ń dínkù, ọ̀sẹ̀ yìí ló wá tán,” ló wí. “Aago ni mo ń wò dá ọ lóhùn, ìyàwó wa. Mo rò pé bí mo bá dákẹ́, ilé á tún dá páropáro fún ọ.”

Inú bí mi, omi sì ń bọ́ lójú mi. Mo kọ ọ́ pé irọ́ lẹ ti ń pa fún mi. Ó ní òun mọ̀.

Mo tan rédíò rẹ̀, mo yí i sókè pátápátá, mo gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ojú sípíkà, mo wá tẹ lẹ́tà kan. Ìró náà gbọ̀n lábẹ́ ìka rẹ̀. Ó di ojú.

“Tún un tẹ̀,” ló wí. “Má kánjú.”

Títí oòrùn fi kan àtàrí la wà níbẹ̀. Lẹ́tà tó ṣì mú pọ̀ ju èyí tó mọ̀ lọ.