Síńkì Yàrá Bàbá Mi

Òórùn kíkan ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, bíi ti ògì tí ẹnikẹ́ni kò yí omi rẹ̀ padà fún ọjọ́ mẹ́rin. Ibi iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀. Ọ̀kadà tó gbé mi láti Fájuyì ti gbọ̀n mí jìgìjìgì, ẹsẹ̀ mi wú, oorun ń kùn mí. N kò tíì bọ́ bàtà tí mo ti mọ ibi tí òórùn náà ti ń wá: síńkì ilé ìwẹ̀ inú yàrá bàbá mi, èyí tí mo ti ń bá jìjàkadì láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní, "Yéè! Síńkì yìí ló máa pa mí nínú ilé yìí o!" Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ sókè kí bàbá mi lè gbọ́. Bí mo ṣe rí nígbà náà nìyẹn, ẹnu mi kì í sinmi.

Kí n ṣàlàyé fún ọ, ọ̀rẹ́ mi. Lẹ́yìn tí a sin ìyá mi, mo mú bàbá mi wá sọ́dọ̀ ara mi ní Adó, mo sì fún un ní yàrá tó dára jù, tó ní ilé ìwẹ̀ àti síńkì tirẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lọ́hùn-ún, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́bàá ilé ìdáná. Iṣẹ́ káfíńtà ni bàbá mi ṣe jẹun, ọkùnrin gíga tí èjìká rẹ̀ máa ń kún ẹnu ọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ nílé ayé yìí kò ju iyán lọ. "Uyán" ni òun ń pè é. Á ní, "Uyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn," á sì dákẹ́ síbẹ̀, bí ẹni pé kò sí ìyókù ọ̀rọ̀. Ìwọ náà ṣáà mọ̀ wá, lọ́dọ̀ tiwa, àgbàlagbà tó bá ṣì ń jẹ iyán, ara rẹ̀ le nìyẹn, a kì í béèrè nǹkan mìíràn. Ìyá mi ló ń gún un fún un ní gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá. Nígbà tí ìyá mi lọ, mo gbé odó rẹ̀ sínú ọkọ̀ wá sí Adó, mo sì pinnu pé iyán bàbá mi kò ní dáwọ́ dúró.

Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí mo ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, máa ń bó iṣu, máa ń sè é, máa ń gún un títí kò fi ní ní kókó kan. Ẹran igbó tí mo ń rà ní Ọjà Ọba, mo máa ń gé e wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀gúsí nítorí eyín rẹ̀. Bàbá mi á fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́, á ní òun fẹ́ jẹun nínú yàrá kí òun lè máa gbọ́ rédíò. Kó tó di ọ̀sán, abọ́ ti mọ́ fónífóní. Mo máa ń nà án sókè lórí ògiri kí obìnrin aládùúgbò mi rí i: "Ẹ wò ó! Ẹni ọgọ́rin ọdún ló jẹ èyí o!" Òun náà á ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ pẹ́, èmi náà á ṣe àmín, inú mi á sì máa dùn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Pé ó ń rù, mo rí i. Ojú mi kò fọ́. Bùbá rẹ̀ ti ń ṣe gbàgẹ̀rẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti há. Mo ní ọ̀fọ̀ ni, mo ní òtútù ọyẹ́ ni. Ṣé ẹni tí ìyàwó àárọ̀ rẹ̀ kú ni kò ní rù? Iyán ṣáà ń wọlé, abọ́ ṣáà ń mọ́, kí ló tún kù? Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé ọmọ ọlọ́mọ àti bàbá oníbàbá sórí ìwọ̀n ní ọsibítù, n kò gbé bàbá tèmi sí i lẹ́ẹ̀kan.

Síńkì wá dí. Omi á kún un, kò ní lọ síbì kan. Láràárọ̀ ni mo ń da odindi kẹ́tùlù omi gbígbóná sí i, láìmọ̀ pé ńṣe ni mo túbọ̀ ń se ohun tó wà nísàlẹ̀ mọ́ra wọn. Mo da kọ́sítíìkì tí wọ́n fi ń se ọṣẹ sí i, mo na wáyà háńgà, mo fi ro ó títí apá fi ń ro mí. Tí mo bá ti dé, kí n tó kúnlẹ̀ kí bàbá mi dáadáa, ohun tí mo máa ń bi í ni pé, "Bàbá, ṣé omi ń lọ?" Á ní ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo bá a wí gidi, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, pákò yẹn ni o. Ẹ yéé tu pákò sínú síńkì mi!"

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Má bínú."

Ó gba ẹ̀bi náà wọ́ọ́rọ́wọ́. Bàbá mi, tí kì í gba ẹ̀bi fún ọba! Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mò ń wí yìí, mo pe púlọ́ńbà, ó ní iṣẹ́ ti gbé òun lọ sí Ìkéré, ó di ọjọ́ Ajé. Mo ní kí la fẹ́ fi púlọ́ńbà ṣe, ṣé páìpù lásán ló máa gbọ́n jù mí? Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ síńkì, mo sì na ara mi sórí símẹ́ńtì tútù. Bàbá mi wà létí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀.

Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Jẹ́ kí oníṣẹ́ wá tú u."

"Bàbá, kò le. Mo ti fẹ́ rí i ṣe."

"Mo ní kí o fi í sílẹ̀!"

Mo di ibi tí páìpù náà ti tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ mú, mo yí i, ó tú. Kò sí ohun tó jáde. Mo gbọ̀n ọ́n, mo tún gbọ̀n ọ́n, ìgbà náà ni odindi nǹkan kan já bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó funfun, ó ti ń ṣe bí eérú, epo pupa ṣì wà lára rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ọṣẹ ni. Mo fi ìka fà á, ó fà. Ẹran wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ tí eyín kò kàn, mo mọ̀ ọ́n, ọwọ́ mi ló gé e. Ègé pákò tó kán wà láàárín gbogbo rẹ̀, òun ni bàbá mi fi ń ti òkèlè wọnú ihò. Mo ṣì ń wá nǹkan mìíràn tí mo lè pè é lọ́kàn mi. Iyán mi ni.

"Bàbá, láti ìgbà wo?"

Kò wo ojú mi. "Láti ìgbà tí uṣu tuntun ti jáde."

A ti wà nínú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì nígbà náà, ó ti lé ní oṣù mẹ́fà. Ó ní níbẹ̀rẹ̀, òkèlè méjì péré ni kì í lọ, òun á fi omi tì í. Nígbà tó yá, ìdajì abọ́. Láti bí oṣù kan, kò lọ mọ́ rárá. Tí mo bá ti jáde lọ síbi iṣẹ́, mílíìkì àti omi gàárì ni òun ń mu.

Mo pariwo mọ́ ọn. Bàbá mi ni mo pariwo mọ́, ọ̀rẹ́ mi, tèmi ti iyán bíbàjẹ́ lọ́wọ́. "Kí ló dé tí ẹ kò sọ? Èmi! Èmi nọ́ọ̀sì!" Ó dúró kí n pariwo tán. Ó wá rọra sọ pé, "Bí mo bá sọ, o kò ní gún un mọ́. Tí mo bá ń gbọ́ odó yẹn láàárọ̀, ńṣe ló dà bíi pé ìyá rẹ ṣì wà lẹ́yìnkùlé." Mo jókòó sórí ilẹ̀ tútù níbẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé e lọ sí ọsibítù. Mo rí fọ́tò ọ̀fun tí wọ́n yà fún un kí dókítà tó ya ẹnu: jẹjẹrẹ ni, ó ti gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Dókítà ní, "Ká ní wọ́n ti tètè wá ni…" Kò parí rẹ̀, nítorí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Wọ́n ki rọ́bà bọ ikùn rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ń gbà fún un ní ògì olómi, bàbá mi tó kórìíra ògì. Kò rí iṣu tuntun ọdún yẹn.

Má sọ fún mi pé àmúwá Ọlọ́run ni. Fádà wa sọ ọ́, aládùúgbò mi sọ ọ́, mo ṣe àmín fún wọn tán. Odó ìyá mi wà lẹ́yìnkùlé, mo dojú rẹ̀ délẹ̀, òjò ń pa á. Ní wọ́ọ̀dù, tí ọmọ aláìsàn kan bá na kúlà òfìfo sí mi tayọ̀tayọ̀, tó ní, "Nọ́ọ̀sì, wọ́n jẹ ẹ́ tán o!", mo máa ń bi í pé, "Ṣé o dúró tì wọ́n, ṣé o rí i tí wọ́n gbé e mì?" Àwọn kan máa ń bínú, wọ́n á ní mo rorò. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè náà kò tù mí nínú, ẹni tó yẹ kí n bi kò sí mọ́.

Púlọ́ńbà ti pààrọ̀ páìpù náà, síńkì kò sì dí mọ́ láti ìgbà náà. Tí mo bá wọ yàrá yẹn láti gbá a, mo máa ń ṣí omi, kí n kàn rí i bó ṣe ń lọ geere. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wọlé tọ bàbá mi láràárọ̀, tí mo ń bi í bóyá omi ń lọ. N kò bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá oúnjẹ ń lọ.