Bàbá Nassif àti Àlejò Tí Kò Mu Kọfí

Ọ̀rọ̀ tíì ni gbogbo ará abúlé Ain el-Loz kọ́kọ́ máa ń sọ tí wọ́n bá dárúkọ Bàbá Nassif, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ojú Nuhad, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló ṣe, nítorí náà bó ṣe rí gan-an nìyí, kì í ṣe bí Bàbá Hanna alápatà ṣe ń bù mọ́ ọn.

Òyìnbó kan láti Belgium, tó gùn bí òpó iná, wá wo ẹyẹ lórí òkè. Ó wọlé jẹun ọ̀sán lábẹ́ àjàrà nílé oúnjẹ Bàbá Nassif. Tábìlì mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀, Nuhad wà nídìí ààrò, bàbá fúnra rẹ̀ ló ń gbé àwo. Òyìnbó jẹ tabule, ìyẹn ewé gígé, ó jẹ kibe, ìyẹn ẹran gígún, ó fi búrẹ́dì nu àwo hummus, ẹ̀wà lílọ̀, títí àwo fi ń dán. Bàbá Nassif gbé kọfí wá. Òyìnbó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí ìwé ẹyẹ rẹ̀, kò sì fọwọ́ kan ife.

Ẹni tó bá wá tọrọ nǹkan ńlá lọ́wọ́ onílé, ì báà jẹ́ ìyàwó, ì báà jẹ́ ìdáríjì, kì í mu kọfí tí wọ́n bá gbé fún un. Á jẹ́ kó wà nílẹ̀ títí onílé á fi sọ pé òun ti gbà. Ìtìjú gbáà ni kí kọfí tutù níwájú àlejò ẹni. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ń gbàgbé àṣà yìí. Bàbá Nassif kò gbàgbé.

"Nuhad, kí ló ń fẹ́?"

"Kò sọ pé òun fẹ́ nǹkan kan, Bàbá."

"Ojú ló ń tì í. Wo kọfí yẹn, kò yọ èéfín mọ́."

"Bóyá kò mọ̀ pé..."

"Ọgbà àjàrà ni. Mo rí bó ṣe ń wò ó nígbà tó ń bọ̀. Àwọn òyìnbó fẹ́ràn ilẹ̀ orí òkè."

Ó lọ, ó bọ̀, ó nu tábìlì tí kò dọ̀tí. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó lọ dúró níwájú òyìnbó, ó gbé ọwọ́ lé àyà. "Mo gbà," ó ní. "Ohun yòówù kó jẹ́, mo ti fún ọ. Ó yá, mu ún." Nuhad ń tú u sí Faransé, ó ń fa ọ̀rọ̀ náà gùn, torí ọgbà àjàrà yẹn ni gbogbo ogún tí ọkọ rẹ̀ máa jẹ. Ojú ti òyìnbó. Ó ní kọfí kì í jẹ́ kí òun sùn ni, pé tí kò bá ni wọ́n lára, ṣé òun lè rí tíì díẹ̀.

Ogójì ọdún ni Bàbá Nassif ti ń sọ pé ẹni tí inú bá ń run nìkan là ń fún ní tíì. Ó ti lé ọ̀gá ṣọ́jà kan jáde lórí ọ̀rọ̀ tíì rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó dé fìlà, ó rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ra tíì, ó fi ìwé ìròyìn wé e bí ẹni jí i, ó sì sọ fún obìnrin tó ń tajà pé inú ló ń run ìyàwó ọmọ òun. Kí oòrùn tó wọ̀, obìnrin mẹ́ta ti wá bi Nuhad pé oyún oṣù mélòó ni.

Àti ọjọ́ yẹn ni gbogbo àdúgbò ti mọ ibi tí wọ́n ti lè mú Bàbá Nassif. Bàbá Hanna alápatà fi kọfí sílẹ̀ títí bàbá fi gbà pé òun ò ní máa pariwo mọ́ níwájú oníbàárà pé àgbò Bàbá Hanna dàgbà ju òun lọ. Olùkọ́ ilé-ìwé fi kọfí tútù gba àga abẹ́ ibòji fún odindi ìgbà ooru. Lọ́jọ́ kan ìyá arúgbó kan jẹun yó, kọfí rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Bàbá Nassif bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèlérí. Ó ti dé orí ewúrẹ́ méjì kó tó gbọ́ tí ìyá ń hanrun.

Ló bá yí ọgbọ́n padà. Tó bá ti gbé kọfí kalẹ̀ fún ọ, kò ní kúrò, á káwọ́ sẹ́yìn, á dúró tì ọ́ bí ọlọ́pàá. "Mu ún báyìí, kó tó tutù." Ó fi èyí jó àlùfáà láhọ́n, ọjọ́ Ìsinmi méjì sì kọjá kí àwọn ará ìjọ tó tún gbọ́ ohun tí ìwàásù ń sọ.

Àárín ẹ̀rín yìí ni àyà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó ń gún ẹran kibe nínú odó òkúta lọ́jọ́ kan, ló bá fi ọmọ odó sílẹ̀, ó di ògiri mú. Dókítà ní Zahle yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní àfi kó lọ sí Beirut kí wọ́n ṣí àyà rẹ̀, kí wọ́n tún iṣan ọkàn rẹ̀ ṣe, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní rí òjò dídì tó ń bọ̀.

"Àyà mi kì í ṣe ìkòkò ólífì tí ẹni tó bá ṣáà wù á máa ṣí," Bàbá Nassif wí.

Nassif ọmọ rẹ̀, ọkọ Nuhad, bẹ̀ ẹ́, bàbá ní kó lọ máa wa ọkọ̀ ẹ̀fọ́ rẹ̀. Àlùfáà wá bẹ̀ ẹ́, bàbá bi í pé ahọ́n rẹ̀ ńkọ́. Ẹnikẹ́ni tí bàbá bá sì ti fura pé ọ̀rọ̀ Beirut ló gbé wá, kọfí ti tán lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ìgbà ooru ń parí lọ, ètè bàbá ń dúdú sí i. Àwọn ará ilé gan-an kò ní agbára kankan, torí ará ilé ló ń se kọfí, kò sẹ́ni tó ń gbé e fún wọn. Nuhad ro èyí títí. Ogún ọdún ni bàbá yìí ti ń pariwo mọ́ ọn lójoojúmọ́, kò sì mọ bí ilé náà ṣe máa rí láìsí ariwo.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lọ́sàn-án, tí tábìlì márùn-ún ti kún, tí kọfí sì wà lórí gbogbo wọn, Nuhad bọ́ épírọ́ọ̀nù. Ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó yípo, ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, ó sì jókòó sí tábìlì kẹfà.

"Ta ló wà nídìí ààrò?" Bàbá Nassif bi í.

"Mi ò mọ̀ o. Àlejò ni mí."

"Àlejò láti ibo?"

"Batroun. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń pè mí ní ọmọ etí òkun. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti etí òkun ni. Ebi ń pa mí."

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Bàbá gbé hummus wá. Tabule ti tán, ó ní láti wọlé lọ gé ewé fúnra rẹ̀. Nuhad tọ́ ọ wò.

"Ẹni tó gé ewé yìí, ṣé ewúrẹ́ ló fẹ́ fún?"

"Àlejò kì í sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ má bínú. Iyọ̀ rẹ̀ náà pọ̀."

Ó gbé ẹran wá. Ó gbé èso wá. Ó gbé wàràkàṣì wá, ó tún gbé èso mìíràn wá, gbogbo ọgbọ́n kí oúnjẹ má ṣáà tán. Ṣùgbọ́n èso pàápàá ní òpin. Ó gbé kọfí wá, ó sì dúró tì í.

"Mu ún báyìí."

Nuhad wo ewé àjàrà lókè. Kọfí tutù. Bàbá gbé òmíràn wá, ìyẹn náà tutù. Ó gbé ẹ̀kẹta wá.

"Bàbá Nassif," Bàbá Hanna ké láti tábìlì tiẹ̀, "ó jọ pé obìnrin yẹn fẹ́ nǹkan o."

"Ta ló bi ọ́? Jẹ àgbò rẹ, tí eyín rẹ bá lè jẹ ẹ́."

Ó gbé tíì wá. Ẹ̀rín bú sí gbogbo ilé. Nuhad rọra ti ife tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù. Ìgbà náà ni Bàbá Nassif fa àga, ó jókòó, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí i kó ṣe rí láàárín oníbàárà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Tí mi ò bá wá jí mọ́ ńkọ́?"

"Tí ẹ ò bá lọ ńkọ́, Bàbá? Ta ni á máa pariwo mọ́ mi?"

Bàbá ti àwọn ife náà sún mọ́ ọn. "Mo gbà," ó ní. "Mu ún, jàre." Nuhad mu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní tútù nini, ó mu tíì náà lé e, kí bàbá má baà sọ lọ́la pé ọ̀kan ṣẹ́kù nílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n gbé e lọ sí Beirut. Nígbà tó lajú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, dókítà bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bi í bóyá ó fẹ́ nǹkan kan. "Bẹ́ẹ̀ ni," Bàbá Nassif wí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Ẹ bá mi pe ẹni tó se oúnjẹ tí mò ń gbóòórùn yìí." Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀gá ìdáná ilé ìwòsàn ń wá sẹ́bàá ibùsùn rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò.

Ọdún mẹ́fà ló tún lò. Dókítà ní kó máa rìn láràárọ̀ láti ilé dé ìsun omi, kí ẹnì kan sì máa dì í lápá mú. Nuhad ló ń dì í mú. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá pàdé, bàbá á yára ṣàlàyé: "Ajá ló ń bà á lẹ́rù. Wọn ò ní ajá létí òkun." Nuhad, tí ajá mẹ́ta dàgbà sábẹ́ ibùsùn rẹ̀ ní Batroun, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Tí wọ́n bá dé ibi tí ọ̀nà ti ga, bàbá á dúró, á mí hẹlẹhẹlẹ, á ní kí Nuhad sinmi díẹ̀, àárẹ̀ ti hàn lójú rẹ̀.

Ìgbà ìkórè àjàrà ló kú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, lórí àga. Àwọn oníbàárà rò pé ó ń sùn ni. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí wọ́n má baà jí i.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni Nuhad ò fi jáde. Á jí láàárọ̀, á wọ bàtà, á jókòó sétí ibùsùn, á tún bọ́ ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Bàbá Hanna alápatà ni. Ó ti fá irùngbọ̀n, ó mú ọ̀pá dání, kò sì lè wo Nuhad lójú.

"Bàbá Nassif ní ajá máa ń bà ọ́ lẹ́rù," ó ní. "Mo ní kí n sìn ọ́ dé ìsun omi."

Nuhad wo ọ̀nà sókè, ó wò ó sísàlẹ̀. Ajá kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni ti Bàbá Hanna fúnra rẹ̀, arúgbó ajá tí kò léyín lẹ́nu, tó dùbúlẹ̀ sínú oòrùn.

"Ó máa ń bà mí lẹ́rù gan-an ni," Nuhad wí, ó sì na apá sí i.