Ìka Tí Mo Nà sí Gbọ̀rọ̀ Yèyé

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Aramọkọ, mo gbà tọkàntọkàn pé ìka ìlábẹ̀ mi yìí lè pa ènìyàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n kọ́ wa pé a kì í na ìka sí gbọ̀rọ̀, ìyẹn ewé elégédé, nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ọwọ́. Bí èèyàn bá na ìka sí i, gbọ̀rọ̀ náà yóò rọ, yóò sì kú. Ẹni tó bá fẹ́ fi í han ẹlòmíràn, ìkúùkù ni yóò fi júwe. Bí ó bá sì gbàgbé, kí ó yára fi eyín gé gbogbo ìka rẹ̀ jẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá Ọlọ́run á gbà á.

Lásìkò ọyẹ́, ọgbà ẹ̀yìnkùlé wa kò yàtọ̀ sí orí apárí. Igi ewúro á dúró ṣánṣán láìní ewé, tẹ̀tẹ̀ á ti gbẹ dànù, àwọn adìẹ á wá sọ ibẹ̀ di ilé ìwẹ̀ eruku. Orúnlá là ń jẹ láàárọ̀, orúnlá là ń jẹ lálẹ́, títí ọ̀fun wa fi ń yọ̀ láìjẹun. Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, ló ni ọgbà yẹn. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ikọ́ bá a jà gan-an nínú ọyẹ́. Ikọ́ lọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò padà wá sí i lẹ́nu. Bí màmá mi bá gbé iyán síwájú rẹ̀, á ní, "Ẹ gbé uyán yín kúrò níwájú mi o jàre." Ara Èkìtì tó ń lé iyán! Bàbá mi kàn ń wo ilẹ̀ ni. Ọrùn Yèyé ti di tín-ínrín, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ sì ń yọ́ bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè. "Ṣé gbọ̀rọ̀ ti hù? Bí mo bá rí gbọ̀rọ̀ tuntun, màá jẹun." Níbo la ti fẹ́ rí gbọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn? Gbogbo ilé ń wo ojú ọ̀run.

Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, páànù pariwo débi pé a kò gbọ́ ohùn ara wa. Òórùn ilẹ̀ tútù yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè gbàgbé rẹ̀? Kò pẹ́ sí i ni gbúre kọ́kọ́ yọjú, tẹ̀tẹ̀ tẹ̀ lé e, ewúro ta ewé wẹ́wẹ́ sórí. Lórí ààtàn, níbi tí màmá mi da kóró elégédé ọdún tó kọjá sí, gbọ̀rọ̀ gbé etí rẹ̀ méjèèjì sókè. Mo sáré wọlé lọ pariwo fún Yèyé. Ó dìde jókòó lórí ẹní, ó fi oríkì mi pè mí. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ìwọ ni kí o máa ṣọ́ ọ fún mi."

Háà, wọ́n fi mí joyè! Ọba Aramọkọ pàápàá kò gbéra ga tó mi lọ́sẹ̀ yẹn. Mo gé pàṣán, mò ń fi í lé adìẹ, mò ń lé aláǹgbá, mo tilẹ̀ lé labalábá. Bí ọmọ ìyá mi kan bá gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, mo ní kó kí mi kó tó kọjá. Mo bu omi tí màmá mi fi fọ ìkòkò ọbẹ̀, tata tiyọ̀ rẹ̀, mo dà á sí ìdí gbọ̀rọ̀ kí ó lè "jẹ ọbẹ̀." Màmá mi fa etí mi títí ó fi gùn sí i. Ó ní, "Risikátù, ṣọ́ ọ ni wọ́n ní kí o ṣe, wọn ò ní kí o bọ́ ọ!"

Ọdún yẹn náà ni Iléyá bọ́ sí ìgbà àkọ́rọ̀ òjò. Bàbá mi mú àgbò kan dé láti Ìkòrò, àgbò oníwo ńlá tí ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Èmi tí mo ti joyè tẹ́lẹ̀, mo ní kí wọ́n fi àgbò náà kún un. Mo máa ń mú un jẹko, bó bá sì di ìrọ̀lẹ́, màá so ó mọ́ ìdí igi ọsàn. Kókó kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ọ́n ta láyé mi, kókó tí mo fi ń so tòbí mi, èyí tí èèyàn ń fà lẹ́ẹ̀kan tó ń tú. Mo ta á fún àgbò náà, mo sì gbọn ọwọ́ mi nù.

Gbọ̀rọ̀ ti fà, ó ti bo ààtàn dé ìdajì. Màmá mi ní tó bá di ọ̀la, òun máa já a fún Yèyé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Fúnmi, ọmọ tíṣà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, wá ṣe fáàrí fún mi pé ọgbà tiwọn ti tutù yọ̀yọ̀ ṣáájú òjò nítorí pé wọ́n ń pọn omi sí i. Inú bí mi. Mo ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń pọn omi! Wá wo gbọ̀rọ̀ Yèyé wa!" Mo sì na ìka sí i ṣọnṣọ.

Fúnmi fi ọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! O ti na ìka sí i!"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìka jẹ, láti orí àtàǹpàkò dé orí ọmọńdinrín, ọ̀tún àti òsì. Fúnmi ní kò dun mí tó, kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Oje àlùbọ́sà tí mo gé lọ́sàn-án ṣì wà lọ́wọ́ mi, omijé ń dà, n kò mọ èyí tí í ṣe ti àlùbọ́sà mọ́. Nínú ìdààmú yẹn ni mo kàn so àgbò bí mo ṣe máa ń so ó, mo sì wọlé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí gbọ̀rọ̀. Kùkùté ló kù, pẹ̀lú ọ̀pá ewé mélòó kan tó nà gbalaja sórí ààtàn. Àgbò dúró láàárín rẹ̀, okùn ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀. Ẹ wá wo òmùgọ̀ ọmọ. Mo rí àgbò o, mo rí okùn o, ṣùgbọ́n ìka mi ni mò ń wò. Mo sọ lọ́kàn mi pé, "Ìka yìí mà lágbára o, ó rán àgbò níṣẹ́!"

Mo wọlé tọ Yèyé lọ, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin nítorí pé orí mi ti dàrú. Mo ní, "Yèyé, ẹ dárí jì mí, mo ti pa yín. Mo na ìka sí gbọ̀rọ̀ yín." Mo fi ìka mi tó ti wú hàn án. Ẹ̀rù ń bà mí gidi. Mo rò pé ojú mi báyìí ni Yèyé máa kú.

Yèyé wò mí, ó gba ojú fèrèsé wo àgbò, ó tún wò mí. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni! Ó rẹ́rìn-ín títí màmá mi fi sáré wọlé wá pé ikọ́ ti padà. Lọ́jọ́ Iléyá, tí a kírun dé, tí wọ́n pa àgbò, Yèyé pe màmá mi. "Ẹ bu nínú ẹran yẹn wá fún mi. Gbọ̀rọ̀ mi ló wà níkùn rẹ̀." Ó jẹ ẹ́. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó gbé e mì, bàbá mi sì yíjú sí ògiri kí a má baà rí i pé ó ń sunkún.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé tí wọ́n bá gé orí gbọ̀rọ̀, ẹ̀ka ni yóò yọ. Kùkùté yẹn yọ ọwọ́ sí ìhà gbogbo, ó bo ààtàn, ó gun ọgbà, ó ń lọ sílé tíṣà. Yèyé ní, "Iwájú ni ọwọ́ gbọ̀rọ̀ ń yọ." Màmá mi fi irú àti ẹja gbígbẹ sè é. Yèyé jókòó ti iyán, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì fi ìka ìlábẹ̀ nu àwo. Lẹ́yìn náà ló fi ìka yẹn kan náà gún mí láyà. "Àbẹ̀kẹ́, fi ìka rẹ sílẹ̀. Lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń so àgbò."

Lónìí, ẹ̀fọ́ wà lọ́jà tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ìyàwó ọmọ mi á já a, á kó o sínú ọ̀rá, á tì í sínú fíríìjì. Kò sí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run nítorí ewé mọ́, n kò sì ní ká padà sídìí orúnlá. Ṣùgbọ́n nínú ọyẹ́ tó kọjá, ẹnu tèmi náà korò. Wọ́n gbé ti inú fíríìjì fún mi, mo tọ́ ọ wò, mo ní n ó dúró de ti ààtàn.

Nígbà tó hù, ọmọ ọmọ mi sáré wọlé wá fà mí jáde. "Màmá àgbà, ẹ wò ó!" Ó sì na ìka sí i ṣọnṣọ. Èmi Alhájà, tí mo ti dé Mẹ́kà, kí n tó mọ̀, ìka ọmọ ti wà lẹ́nu mi. Ìyá rẹ̀ ń wò mí bíi pé kó pe dókítà.

Nígbà tí wọ́n sì mú àgbò Iléyá dé, tí mo dìde pé kí n bá wọn so ó, gbogbo ilé ló pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi okùn yẹn sílẹ̀!" Mo yára fi í sílẹ̀. Èmi náà fẹ́ jẹ gbọ̀rọ̀ mi.