Ṣẹ́ẹ̀tì Funfun Bàbá Kò-Gbọdọ̀-Jò

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Bàbá Kò-Gbọdọ̀-Jò nílé iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ. Síìlì méjì ti jò lára ẹ̀rọ tó ń fa òróró gbígbóná. Ọ̀gá àgbà ní bí ẹ̀kẹta bá jò, kí bàbá máa lọ sílé, kí ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Bàbá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó lọ̀ dáadáa, ó gbé àga ti ẹ̀rọ, ó kẹ̀yìn sí i, ó ní kí wọ́n tan án. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ọ̀gá àgbà dúró sí. Lẹ́yìn wákàtí kan, ṣẹ́ẹ̀tì bàbá ṣì funfun bíi lékeléke. Èyí tó rin gbindin fún òógùn lọ́jọ́ náà, ti ọ̀gá àgbà ni.

Òrùka méjì tó dojú kọ ara wọn yí ọ̀pá ẹ̀rọ ká kí òróró má baà jò ni síìlì, ojú wọn sì jọ̀lọ̀ ju dígí lọ. Iná kò tó nǹkan lójú wọn, ipá òróró kò lè ṣí wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rá ìka ọwọ́ bá kàn wọ́n, ó parí. Oṣù mẹ́ta ni ọmọ náà fi káwọ́ pọ̀nyìn bí ẹni tó ń rojọ́, kí bàbá tó jẹ́ kó fọwọ́ kan irinṣẹ́.

Nílé pàápàá, bàbá kò jẹ́ kí nǹkan jò. Ó rí ooru tó ń yọ létí ìdérí ìkòkò ìyàwó rẹ̀, ló bá jókòó tì í, ó ń lọ̀ ọ́ títí ó fi bá ẹnu ìkòkò mu régí. Nígbà tí oúnjẹ jinná, kò sẹ́ni tó lè ṣí i.

“Bàbá ọmọ mi,” ni ìyàwó wí, “iṣẹ́ yín dára. Ọbẹ̀ wà nínú, àwa wà níta.”

Síìlì méjì tó kọ́kọ́ jò ńkọ́? Ọ̀gá àgbà ló máa ń fi wọ́n han àlejò, tí yóò máa fi àtàǹpàkò pa wọ́n lójú kí wọ́n lè rí bí wọ́n ṣe ń dán. Bàbá sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: “Sà, ẹ̀rọ yìí gba iná, ó gba ipá. Àtàǹpàkò yín nìkan ni kò gbà.” Ọ̀gá gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa fọ ọwọ́ wọn. Àtàǹpàkò kan náà ni ọ̀gá fi di bírò mú tó fi bu ọwọ́ lu ìwé ìgbìmọ̀ náà. Nítorí náà, inú abọ́ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ tó ti fọ̀ mọ́ ni bàbá gbé síìlì kẹta pamọ́ sí títí ó fi dé ìdí ẹ̀rọ.

Nígbà tí bàbá papòdà, síìlì yẹn ti lo ọdún mẹ́fà, ó sì tó pààrọ̀. Ọ̀gá àgbà ní bí ti ọmọ bá jò, kó gbàgbé àyè bàbá rẹ̀. Ọmọ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà, tí apá rẹ̀ gùn bò ó lọ́wọ́. Ó gbé àga, ó kẹ̀yìn sí ẹ̀rọ, ó ní kí wọ́n tan án. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lẹ́yìn rẹ̀, bí bàbá ṣe máa ń kùn bó bá ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn wákàtí kan, ọ̀gá àgbà yọjú. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un, ó ti káwọ́ pọ̀nyìn. Ó rí i pé àyà ṣẹ́ẹ̀tì náà rin, ó fà sẹ́yìn.

“Ṣé ó ń jò ni?”

Ọmọ fi etí apá ṣẹ́ẹ̀tì nu omijé.

“Ẹ̀rọ kọ́, sà.”